Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Mùsùlùmí Fi Ojúlùmọ̀ Wá Iṣẹ́?



Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin wa lẹ́yìn àsálátù. Ọ̀dọ́ kan parí ẹ̀kọ́, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ó ń wá iṣẹ́. Àwọn kan ní kí ó lọ wá ẹni tí ó mọ ọ̀gá. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá tọ ènìyàn lọ ti fi Ọlọ́hun sílẹ̀. Èwo ni kí á mú níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Ànábì Mùsá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Nígbà tí ó sá dé Madyan, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, kò béèrè owó. Ó padà sábẹ́ ibòji, ó tọrọ oore lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀. Súrà Al-Qasas sọ bí iṣẹ́ ṣe dé: ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ni ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó gbà á síṣẹ́, nítorí pé ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ọdún 8 ni àdéhùn. Bí ó bá ṣe é pé 10, oore tirẹ̀ ni. Àdúà rẹ̀ gbà, ẹnu ènìyàn ni ìdáhùn sì gbà wá. Sàbábì kì í ṣe ọ̀tá ìgbáralé Ọlọ́hun.

Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sílé tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń wá iṣẹ́, kí ó má pè é ní ìgbàgbọ́. Ó lè jẹ́ ìtìjú, ó sì lè jẹ́ ìgbéraga. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1973. Nínú àwọn tí ó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀, nǹkan bí 17 péré nínú 100 ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí déédéé. Àwọn yòókù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ẹ jọ kàwé nígbà kan, tí ó ti lọ sí ìlú mìíràn, ni ó lè gbọ́ èyí tí o kò gbọ́. Wá irú wọn rí, kí wọn, sọ ohun tí o lè ṣe fún wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nìyí. Ọmọbìnrin Madyan kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹni wa ni. Ohun tí ó fojú rí ni ó sọ. Ẹ̀rí ni ó jẹ́. Súrà An-Nisaa, áyà 85, kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ṣìpẹ̀ rere ní ìpín nínú rere náà, ẹni tí ó bá sì ṣìpẹ̀ búburú ní ìpín nínú ẹrù rẹ̀. Abu Dharr jẹ́ ààyò sàhábà, síbẹ̀ nígbà tí ó béèrè ipò lọ́wọ́ Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a), kò rí i gbà. A sọ fún un pé kò lágbára tó o, àti pé àmáńà ni ipò jẹ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jẹ̀bi rí. Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn tí ó ń wá iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ n kò rí i kí ó ṣe iṣẹ́ kankan rí. Wọ́n mú un. Gbogbo ẹbí ní mo káre. Lọ́jọ́ tí orúkọ jáde, ọmọbìnrin náà wò ó títí lára pátákó, ó wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibí nìkan ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ ilé rẹ̀ títí di òní. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kì í tán síbi àdúà nìkan.

Ẹ̀yin ará, ẹ sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ ń wá iṣẹ́. Ẹ má purọ́ fún ẹni tí yóò fẹnu bá yín sọ ọ́, ẹ má fún un ní owó ẹ̀yìn, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ kí ó lé ẹni tó yege kúrò. Ìwọ tí o sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ọmọ tálákà tí o mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí kò ní ẹbí níbì kankan, ìwọ ni kí o jẹ́rìí rẹ̀. Má dúró kí ó bẹ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́hun pèsè iṣẹ́ haláàlì fún gbogbo wa, kí Ó fi àlùbáríkà sí i, kí Ó má jẹ́ kí á jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àmín.