Ṣé Owó Ìjọba Kì í Ṣe Gbèsè?

Olùfẹ́, ìwọ tí o ń jáde láti Gowon Estate lọ ra ìrẹsì ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn àgbẹ̀ lówó, kí oúnjẹ lè pọ̀. Kebbi ni wọ́n ti ṣí i. Owó tí wọ́n yá jáde lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ọ̀pọ̀ kò san án padà. Ẹni tí ìkún omi 2022 gbé oko rẹ̀ lọ, àánú ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó kórè, tó tà á, tó wá ní "owó ìjọba ṣá ni" ńkọ́? Àgbẹ̀ tí ì bá tún owó náà yá lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ ní gbèsè. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìwọ náà yá, ṣé o ti ń san án?