Ẹni tí Ọwọ́ Rẹ̀ Rọ

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu àgbẹ̀ kan ní abúlé Akínyẹlé, tàbí ìyá onígàrí kan ní Lálúpọn, tí oníṣègùn sì tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀mí rẹ̀ kò fi bọ́, ǹjẹ́ a lè sọ pé ara rẹ̀ ti yá, nígbà tí kò lè bu òkèlè sẹ́nu, tí kò sì lè so ṣòkòtò ara rẹ̀? Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Báwo ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́?

Àwa Yorùbá a máa kí ara wa kú iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí kò ṣe nǹkan kan mọ́ a máa rò pé òun kò sí láàrin àwọn tí à ń kí. Mo gbà pé ènìyàn ni í ṣe síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dá ìkíni yẹn padà fún un.

Èyí gan-an ni iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú tí ń fi iṣẹ́ òòjọ́ wo aláìsàn, tí ọ̀pọ̀ ń ṣì pè ní awọ́ra tàbí awáṣẹ́fúnni. Kì í ṣe àjèjì: láti ọdún 1954, ní Aró, Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo mú kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin ará abúlé, kí wọ́n máa roko.

Ẹ̀yin ará Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bí ẹ bá gbé ènìyàn yín dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ẹ béèrè àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí.