Jíìpù Tí Kò Ní Própẹ́là

Mọ́tò àlòkù tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ti dáwọ́ dúró kì í wọ́n. Èyí ló ń fa ojú èèyàn mọ́ra, pàápàá bó bá jẹ́ jíìpù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó yẹn ní ibi tó ti ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó àtúnṣe tí ẹni tó ń ta mọ́tò náà sá fún ni, ẹni tó bá sì rà á ni yóò san án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbátan mi kan ní London nìyí. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́, mo sì ń kọ ọ́ nítorí pé àwọn èèyàn wa kò yéé ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ní Peckham, ní Houston, títí dé Kútọnu àti Èkó.

Bàbá Ìbejì là ń pè é. Bọ́ọ̀sì elérò ló ń wà ní gúúsù London. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, mọ́tò kékeré tó ní kò gbà wọ́n mọ́. Ó ń wá ohun tó ga, tó ní búùtù tó fẹ̀, tí yóò sì lè gun òkè nígbà òtútù. Ní ìparí 2017 ló rí Freelander kan tí wọ́n ṣe ní 2003, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù 1.8. Owó rẹ̀ kò tó £1,500. Ìwé MOT rẹ̀, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò mọ́tò, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Kò yẹ kí a bú ẹni tí Freelander bá wù. Ní 1997 ni Land Rover gbé e jáde. Ṣáájú rẹ̀, ti àgbẹ̀, ti ológun àti ti olówó ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Land Rover sí. Èyí kéré, ó rọrùn láti wà láàárín ìlú, síbẹ̀ ó ní orúkọ àti ìrísí jíìpù gidi. Kò pẹ́ rárá tó fi di èyí tó tà jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ilé tó bí i kò fara balẹ̀. BMW ló ni Land Rover nígbà tí Freelander jáde. Ní 2000 ó tà á fún Ford, Ford náà sì tà á fún Tata ti Íńdíà ní 2008. MG Rover ní Longbridge, níbi tí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù 1.8 yìí ti ń wá, kógbá sílé ní oṣù kẹrin 2005, àwọn òṣìṣẹ́ bí 6,000 sì pàdánù iṣẹ́. Ní 2006, wọ́n dáwọ́ Freelander àkọ́kọ́ dúró, wọ́n sì fi Freelander 2, tó yàtọ̀ sí i pátápátá, rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó èyí àkọ́kọ́ ti ń já wálẹ̀, tó fi wá dé ibi tí apá Bàbá Ìbejì fi ká a.

Ẹni tó ń tà á kì í ṣe oníṣòwò mọ́tò. Níwájú ilé rẹ̀ ló gbé e sí, ó fọ̀ ọ́, inú rẹ̀ ń ta sánsán. Ó ní fọ́ọ̀ wíìlì ni, pé kò sí yìnyín tó lè dá a dúró. Bàbá Ìbejì wà á yí àdúgbò ká, ó yá, kò dún, kò gbọ̀n. Táyà iwájú méjèèjì jẹ́ tuntun. Ti ẹ̀yìn ti jẹ, orúkọ tó wà lára wọn sì yàtọ̀ sí ti iwájú. Bàbá Ìbejì wò ó pé òun ti jèrè táyà méjì. Ẹni tó bá mọ Freelander ì bá ti dúró níbẹ̀, kó sì béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Freelander àkọ́kọ́ kò ní gíá kejì tí awakọ̀ ń fà kí mọ́tò tó di fọ́ọ̀ wíìlì. Ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà gbogbo. Láti iwájú, ọ̀pá gígùn kan gba abẹ́ mọ́tò lọ sí ẹ̀yìn. Própẹ́là ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. Láàárín ọ̀pá yìí ni àgbá irin kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní VCU. Àwọn irin pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì rì sínú omi sílíkóònù tó ki. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yọ̀, tó ń yí ju ti ẹ̀yìn lọ, omi yẹn á gbóná, á le, á so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì bá wọn ti mọ́tò. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tún padà ń yí bákan náà, á tú wọn sílẹ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, awakọ̀ kò tilẹ̀ ní tẹ nǹkan kan.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, omi náà á máa ki sí i, títí kò fi ní tú sílẹ̀ dáadáa mọ́. Nígbà náà, bí mọ́tò bá yà ní kọ́nà, iwájú àti ẹ̀yìn á máa wọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá tún wá fi táyà tuntun síwájú, tí wọ́n fi èyí tó ti jẹ sílẹ̀ lẹ́yìn, gíga wọn kò dọ́gba mọ́, ìjàkadì yẹn kò sì ní dáwọ́ dúró, kódà lójú títì tó gún régé. Ohun tó sábà máa ń fọ́ ni IRD, àpótí gíá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń pín agbára sí ẹ̀yìn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí èèyàn bá fi owó VCU kún un, tó tún san owó iṣẹ́, ó lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí wọ́n ra mọ́tò tó ti gbó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó: kí wọ́n tú própẹ́là kúrò. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan á máa fa mọ́tò náà, á sì máa rìn geerege. Àwọn tó ṣe é sí Freelander ní Britain kò níye. Bí onímọ́tò bá ṣe é fún ara rẹ̀, kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Bó bá ń tà á fún ẹlòmíràn lórúkọ fọ́ọ̀ wíìlì, ẹ̀tàn ni, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ní òpin oṣù kejì 2018, òtútù líle fẹ́ wá láti ìhà ìlà-oòrùn, yìnyín sì bo London. Màmá Ìbejì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, ọkọ rẹ̀ sì fi Freelander lọ gbé e. Wọ́n dé Sydenham Hill, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ń yí lórí yìnyín, ti ẹ̀yìn kò mira. Bó ṣe ń tẹ iná sí i ni imú mọ́tò ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n pa á síbẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní ìhà Peckham. Òun ló gbé e sókè lọ́jọ́ tí yìnyín yọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sábẹ́ ibí, ẹ wá wo nǹkan."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn IRD, níbi tó yẹ kí própẹ́là ti bẹ̀rẹ̀, irin roboto kan ló wà níbẹ̀, ihò bóòtù rẹ̀ ṣófo. Irú rẹ̀ kan náà wà lára àpótí gíá ẹ̀yìn. Láàárín méjèèjì, kò sí nǹkan kan.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Ẹni tó tà á fún yín mọ̀, sà. Ẹ wo ìpẹtà inú ihò yìí. Kì í ṣe ti àná."

"MOT tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún un ńkọ́?"

"Wọ́n wo bíréèkì, wọ́n wo iná, wọ́n wo táyà. Wọn kò ṣèlérí fún yín pé fọ́ọ̀ wíìlì ni."

Òótọ́ ló sọ. Ìwé MOT ń sọ pé mọ́tò kò léwu lójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kò sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò pẹ́, kò sì sọ pé ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Mẹkáníìkì náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yí ìdérí ọ́ìlì, ó fi han Bàbá Ìbejì. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó ki bí ògì tó dì. Bí èèyàn bá ń wa mọ́tò lọ sítòsí nìkan nígbà òtútù, díẹ̀ lára irú rẹ̀ lè hàn láìsí ewu. Nítorí náà ó tún wo omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára: ó ti wálẹ̀ kọjá àmì, bẹ́ẹ̀ Bàbá Ìbejì ti bù sí i rí, kò sì mọ ibi tó ń lọ. Ẹ́ńjìnnì 1.8 yẹn ní orúkọ burúkú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ọ́, ó fúyẹ́, ó sì lágbára fún ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ń tù ú lára kéré, tó fi jẹ́ pé bó bá jò díẹ̀, ooru á ti mú un. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáwọ́, omi àti ọ́ìlì á sì dàpọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ti rí ojútùú rẹ̀ tipẹ́: gásíkẹ́ẹ̀tì onírin alápòópọ̀ ni wọ́n ń fi sí i báyìí, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ó máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tún nìyẹn, lórí owó tó ti jáde.

Bàbá Ìbejì pe ẹni tó tà á fún un. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Ó wá béèrè ọ̀nà tí òfin lè gbà ràn án lọ́wọ́. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 30 láti dá a padà bó bá ní àbùkù, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tó ra ti ẹni lásán kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni lásán ni pé kí mọ́tò jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, kó sì bá ohun tó sọ nípa rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀ wíìlì yẹn ì bá sì ti mú un, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Kéèṣì ló san. Bàbá Ìbejì kò tilẹ̀ tọ́jú ìpolówó tó rí.

Ó ní kí òun máa wà á bẹ́ẹ̀ ná, kí òun máa bu omi sí i. Mo bá a wí nígbà náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn lójú ọ̀nà M25, ọwọ́ ooru gun òkè, èéfín funfun bo ẹ̀yìn wọn. Ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Ẹnìkan gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé e lọ sí Èkó, pé wọn yóò tún un ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti yí sí wíwa ọwọ́ ọ̀tún títì, mọ́tò tí sítíàrìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò sì láàyè níbẹ̀. Àwọn tó ń ra àlòkù mọ́tò fún irin ló kó o.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò tí wọ́n dáwọ́ dúró ló yẹ kí a sá fún. Ẹ wo Pontiac Vibe. Iléeṣẹ́ Pontiac fúnra rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2010, síbẹ̀ Vibe ṣì ń ná ojú títì Èkó, nítorí pé ìbejì Toyota Matrix ni, ẹ́ńjìnnì Toyota ló wà nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sì wà ní ọjà Ládípọ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: mọ́tò wo ló tún ń lo ẹ́ńjìnnì yìí, ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe ní àdúgbò mi, èló sì ni ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ra Freelander pàápàá, kó sì jẹ̀gbádùn rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra Freelander dé ibi tí wọ́n ti ń tà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó ti gbé e gbóná sílẹ̀ lè ní ohun tó ń fi pa mọ́. Kó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kó rí própẹ́là láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá wà níbẹ̀, kó yí sítíàrìn dé òpin ní ibi títẹ́jú, kó jẹ́ kí mọ́tò rọra padà sẹ́yìn láìtẹ iná. Bó bá ń dúró fúnra rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tẹ bíréèkì, VCU ti le. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ irú kan náà, kí jíjẹ wọn sì dọ́gba. Ní Britain, nọ́ńbà mọ́tò lásán tó láti wo gbogbo ìtàn MOT rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ìjọba, pẹ̀lú iye máìlì tó ti rìn lọ́dọọdún àti ìkìlọ̀ tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé London kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ULEZ, agbègbè tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ ti ń san owó. Láti oṣù kẹjọ 2023 ló ti kárí gbogbo ìlú náà, Freelander onídíísù yóò sì máa san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá ti jáde nílé. 

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kó owó yín sílẹ̀, ẹ san ti mẹkáníìkì kan tí yóò gbé e sókè lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ ohun tó sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bó bá kọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ máa bá tiyín lọ.