Ṣé Ẹni Tí Ó Ra Aṣọ Ni Ó Lè Jù Ú Nù?

Ẹni tí síìpù ẹ̀wù rẹ̀ kò bá padé mọ́ a máa wí pé, “Owó mi ni mo fi rà á, bí ó bá wù mí, n ó jù ú nù.” Òkìríkà kúkú pọ̀ ní Yábàá. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ń jù ú sí? Etí ọ̀sà ni Ìwáyà wà. Aṣọ pọliẹ́sítà kì í jẹrà bí ti òwú, gọ́tà aládùúgbò ni yóò dí.

Ẹlòmíràn a kó irú rẹ̀ fún aláìní, a sì pè é ní ìtọrẹ àánú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí òun sá fún ni ó gbé ru tálákà. Ẹ tún un ṣe ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, eyín síìpù kò ní àrùn. Orí rẹ̀ tí à ń fà ni ẹnu rẹ̀ ti yà. Ẹ fi ẹ̀mú fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, yóò tún mú eyín. Bí ó bá ń há, ẹ fi àbẹ́là pa á lára. Èyí tí ó bá ju agbára yín lọ, obìọ̀má tí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ èjìká, tí ń lu àlùmọ́gàjí rẹ̀ kọjá, yóò ṣe é.