Ilé Tóóró Lórí Omi: Mélòó Ló Tó Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi gbogbo ni à ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ. Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù mẹ́ta yìí, àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń dá iná alẹ́ tiwọn lórí omi ni a fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ìlú Ọba ni wọ́n wà. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní narrowboat ni wọ́n fi ṣe ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè pè ní ilé. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa ni pé, ṣé àǹfààní kan tilẹ̀ wà nínú kí ènìyàn máa gbé inú ilé tí kò fẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó tóóró. Gígùn rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà 70, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò pé 7. Orí odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní kánààlì, ni ó ń rìn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n mọ yàrá olílẹ̀kùn sí ojú omi. Ọkọ̀ á wọ inú rẹ̀, omi á kún un, ọkọ̀ á sì gòkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yàrá omi wọ̀nyí ni kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ tóóró. Nínú àyè yìí ni ibùsùn, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ààrò onírin tí wọ́n ń dá nígbà òtútù wà. Bí ẹni méjì bá pàdé láàárín ọkọ̀, ọ̀kan ní láti yẹra kí èkejì tó kọjá.

Àǹfààní kìn-ín-ní ni pé ẹni tí ń gbé ibẹ̀ mọ ìwọ̀n ohun tí ó ń lò. Inú táǹkì ni omi rẹ̀ wà. Bí ó bá tán, ó ní láti wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Iná mànàmáná rẹ̀, inú bátìrì ni, oòrùn tàbí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló sì ń kún un. Ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ pàápàá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbé e lọ dà sí ibi tí a yàn fún un. Àwa tí a ti ru omi láti odò rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí omi dé orí rẹ̀ kí ó tó dé inú ìkòkò kì í fi omi ṣòfò.

Èkejì ni pé kò sí àyè fún àkójọ. Bí ìkòkò tuntun bá wọlé, ọ̀kan ní láti jáde. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo yàrá tiwa náà: àpótí aṣọ ẹbí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ike àti abọ́ tí a gbà bọ̀ láti òde ìnáwó, tí a kò lò, tí a kò sì fi tọrẹ. Ṣé àwa ni a ni ẹrù wọ̀nyí, àbí àwọn ni wọ́n ni yàrá?

Ẹ̀kẹta ni ti aládùúgbò. Lórí ọ̀pọ̀ kánààlì, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ yá rìn létí omi lè bá a dé ibi tó ń lọ. Ìrìn bẹ́ẹ̀ ń fún ènìyàn láyè láti kí ara wọn, kí wọ́n sì bá ara wọn ṣí ilẹ̀kùn omi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdì kejì ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1761 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ kánààlì Bridgewater, láti máa kó èédú lọ sí ìhà Manchester. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, owó iṣẹ́ àwọn atukọ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè san owó ilé mọ́. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n sì di òṣìṣẹ́ tí a kì í sanwó fún. Ẹrù ló gba ọkọ̀. Yàrá kan péré tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn ló kù fún odidi ìdílé. Àwọn ọmọ kò kàwé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Smith, ará Coalville, pariwo ọ̀ràn yìí títí tí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 1877 pé kí a máa forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí a sì fi òdiwọ̀n sí iye ènìyàn tí ó lè sùn nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: ọkọ̀ tóóró kan náà ni, omi kan náà ni. Kí ló wá fi ìyà ti ìgbà náà yàtọ̀ sí ìgbádùn tí àwọn mìíràn ń rí níbẹ̀ lónìí? Yíyàn ni. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, a kì í sọ pé ó ń gbààwẹ̀. Lónìí pàápàá, àwọn kan wà lórí omi nítorí pé owó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù ju agbára wọn lọ. Òfin ọdún 1995 sì sọ pé ọkọ̀ tí kò ní èbúté tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sí ojú kan ju ọjọ́ 14 lọ láìsí ìdí pàtàkì. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ ohun tí ìyẹn ń náni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Kíkẹ́rẹ́ dára láti fi kọ́ ara ẹni. Kò dára láti fi wàásù fún aláìní. Ní abúlé Stoke Bruerne, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Mary Ward gbé létí kánààlì, ó sì ń tọ́jú àwọn ìdílé inú ọkọ̀ tí ń kọjá. Ní ọdún 1951 wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ ìjọba dá a lọ́lá. Obìnrin yìí kò yin àìní àwọn ènìyàn náà lójú wọn. Ó di egbò wọn.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí: kí a fi ọkọ̀ tóóró wọn ilé tiwa, kí a má fi wọn ti ẹlòmíràn. Kí ìwé wa tí ń bọ̀ tó jáde, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa ṣí àpótí kan, kí ó yọ ohun tí ó tó o sọ́tọ̀, kí ó sì wá ẹni tí ìyókù yóò ṣe láǹfààní. Ire o.