A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, iṣẹ́ ló ṣe o, ṣùgbọ́n àìsàn ńlá ṣì wà lára. Èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi ìdánwò Yorùbá àfẹnusọ.

Ọmọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ka ìkíni tó ti há sórí láìṣi ẹyọ kan. Mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó dákẹ́, ó ń wo àjà. Ọmọ Ìbàdàn ni ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e. "Isu" ló ń pe iṣu, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàlàyé bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń da èlùbọ́ sínú omi híhó, tó ń fi ọmọrogùn rò ó kó má baà ní kókó, itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi. Síbẹ̀, mo yọ máàkì mẹ́ta nítorí "isu"! Irú olùkọ́ wo nìyẹn?



Mo padà sídìí ìwé máàkì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dá mẹ́ta ọmọbìnrin yẹn padà fún un.