Oníjàngbọ̀n: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rín Ni Tàbí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bi?

Ọ̀rọ̀ kan mbẹ tí a nsọ lójojúmọ́ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò: èyí nì ni ìjàngbọ̀n. Bí ìyá bá bá ọmọ rẹ̀ níbi tí ó gbé nfi ẹfun kun imú ajá, yíó wí pé, "Oníjàngbọ̀n ni ọ́!" ẹ̀rín a sì wà ní ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá dá ìjà sílẹ̀ ní ọjà, orúkọ kan náà ni a ó pè é, ẹnikẹ́ni kì yíó sì rẹ́rìn.

Ẹ̀fẹ̀ nwá ẹ̀rín. Yẹ̀yẹ́ nwá ìtìjú ọmọnìkéjì. Ìjàngbọ̀n sì dúró ní oríta àwọn méjèèjì. Báwo ni a ó ti mọ ọ̀nà tí ó gbà? Ọ̀pọ̀ ènìà a máa wí pé, "Eré ni mo nṣe." Ìwé Òwe, orí 26, ẹsẹ 18 àti 19, kò gba àwáwí yìí: ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé aṣiwèrè tí nju iná àti ọfà. Iná kìí bèrè bóyá eré ni a fi jù ú kí ó tó jó òrùlé.

Nígbàtí a nkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan fi alángbá sínú àpótí ẹfun wa. A nà án ní pàṣán mẹ́fà. Ọmọ yìí kan náà a máa sín akólòlò kan jẹ nínú kíláàsì. Nígbàtí àwọn yókù rẹ́rìn, àwa pẹ̀lú rẹ́rìn. Kí ọdún náà tó parí, akólòlò nì kò la ẹnu kàwé mọ́.

Nígbànáà ni ojú wa là. Alángbá kò pa wá lára. A ní agbára láti dáhùn, a sì lè bá wọn rẹ́rìn. Ṣùgbọ́n ẹnu gan an tí akólòlò ìbá fi dáhùn ni nwọ́n nfi ṣe ẹlẹ́yà. Àní ní Kétu, Ẹ̀fẹ̀ tí í jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa fi orin bá oníwà búburú wí. Kìí ṣe aláìlera ni ó yẹ kí a dojú ẹ̀sín kọ. Àwa na ìjàngbọ̀n, a sì jẹ́ kí ìkà lọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí tí ó pa wá lẹ́rìn.

Nítorínà, ẹ̀nyin olùkọ́ àti òbí, kí a tó gbé pàṣán, àti kí a tó rẹ́rìn pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a bèrè pé: njẹ́ ẹni tí a ṣe é sí lè bá wa rẹ́rìn? Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìjàngbọ̀n ọmọdé ni. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìkà, bí ó ti wù kí ó pa wá lẹ́rìn tó.